Bí ìgbàgbọ́ bá jẹ́ ẹ̀bùn, kí ni ẹ̀ṣẹ̀ aláìsàn?

"Ìgbàgbọ́ rẹ ò tó." Ṣàṣà ni ilé tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tí wọn ò tíì gbọ́ gbólóhùn yìí rí. Wọ́n ń sọ ọ́ fún obìnrin tó ti ń wojú Olúwa fún ọmọ láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n ń sọ ọ́ fún bàbá tí ẹ̀jẹ̀ ríru gbé ṣánlẹ̀ lẹ́yìn ààwẹ̀ àti ìṣọ́ òru. Wọ́n ń sọ ọ́ fún ọmọ tó jáde ní yunifásítì tí kò ríṣẹ́ ṣe. Ẹni tó ń sọ ọ́ lè má gbèrò ibi rárá. Ó lè jẹ́ ìyá ìjọ tó fẹ́ràn onítọ̀hún dọ́kàn, tó rò pé ìgboyà lòun ń fún un. Àmọ́ lórí àga ìwàásù ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, lọ́jọ́ Àìkú mìíràn, ẹ ó gbọ́ pé ẹ̀bùn Ọlọ́run ni ìgbàgbọ́, pé ẹ̀dá kan ò lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Tí èyí bá jẹ́ òótọ́, kí ni wọ́n ń bá aláìsàn wí fún?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ wa. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó ti da ìjọ kan rú ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí ìjọ mìíràn sì tibẹ̀ hù. Mà á dé ibẹ̀. Ohun tó sọ ọ́ dọ̀tun ni pé ọ̀rọ̀ tí àwọn àlùfáà àti alàgbà ń sọ láàárín ara wọn tẹ́lẹ̀ ti bọ́ sórí fóònù gbogbo ayé. Ọmọ ìjọ tó gbọ́ ìwàásù láàárọ̀ lè ti gbé ẹsẹ Bíbélì tó ta kò ó sórí WhatsApp ẹbí kó tó di ọ̀sán. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Kátólíìkì á dá sí i, àbúrò tó máa ń lọ káàmpù á fèsì, bùrọ̀dá tó jẹ́ Mùsùlùmí á ní kí wọ́n jọ̀ọ́ máa ṣe jẹ́jẹ́, ìyá àgbà kò jẹ́ gbọ́ irú ariwo báyìí.

Oṣù Kẹjọ ni ó máa ń le jù. Oṣù yẹn ni ìjọ Rìdíìmù ń ṣe àpéjọ ọdọọdún wọn ní Redemption City lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, tí ọkọ̀ àwọn ará Ìjẹ̀bú ń gba ìkòríta Ṣágámù lọ síbẹ̀. Oṣù yẹn náà ni àwọn ọmọ ìjọ Olúwa, ìjọ Aládùúrà tí Josiah Ositelu dá sílẹ̀ ní Ògèrè ní 1930, ń gun Òkè Tábórà, tí wọ́n sì ń parí ààwẹ̀ wọn ní ọjọ́ 22. Àwọn tó ń bọ̀ láti ibi méjèèjì máa ń mú ẹ̀rí bọ̀. Àwọn kan sì wà tí kò rí ẹ̀rí kankan mú bọ̀. Àwọn yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Ohun tó wà nínú Ìwé Mímọ́

Ẹsẹ tí gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ máa ń fà yọ ni Éfésù 2:8 àti 9. Pọ́ọ̀lù ní oore-ọ̀fẹ́ ló gbà wá là nípa ìgbàgbọ́, pé kì í ṣe láti ọwọ́ ara wa, ẹ̀bùn Ọlọ́run ni, kì í sì í ṣe nípa iṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣògo. Àwọn tó gbọ́ Gíríìkì ṣì ń jiyàn bóyá ìgbàgbọ́ nìkan ni Pọ́ọ̀lù pè lẹ́bùn níbẹ̀ tàbí ìgbàlà látòkèdélẹ̀. Ìjà yẹn kò ní ká má sùn, torí pé ẹsẹ mìíràn ti sọ ọ́ láìfi bò. Fílípì 1:29 ní a ti yọ̀ǹda fún àwọn ará Fílípì láti gba Kristi gbọ́, ó sì tún ní a yọ̀ǹda fún wọn láti jìyà nítorí rẹ̀. Ẹ wo ohun tí ó so pọ̀: ìgbàgbọ́ àti ìyà, ọwọ́ kan náà ló ti wá. N kì í sábà gbọ́ kí wọ́n fi ẹsẹ yìí wàásù ní alẹ́ iṣẹ́ ìyanu.

Jésù fúnra rẹ̀ sọ nínú Jòhánù 6:44 pé kò sí ẹni tó lè wá sọ́dọ̀ òun àfi tí Baba bá fà á. Ìwé Hébérù pe Jésù ní ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ìgbàgbọ́ wa tó sì ń ṣe é pé. Róòmù 12:3 ní Ọlọ́run ló ń pín ìwọ̀n ìgbàgbọ́ fún olúkúlùkù. Ẹni tó bá ka gbogbo èyí pọ̀, kò sí bó ṣe fẹ́ sọ pé ìgbàgbọ́ jẹ́ ohun tí ènìyàn ń rọ nínú ọkàn ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Bíbélì kan náà kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rọrùn. Obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀ gbọ́ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló mú un lára dá. Ní Násárẹ́tì, Máàkù 6 sọ pé ẹnu ya Jésù sí àìgbàgbọ́ àwọn ará ìlú rẹ̀, àti pé kò lè ṣe iṣẹ́ agbára púpọ̀ níbẹ̀. Ẹsẹ wọ̀nyí ni àwọn tó ń sọ pé "ìgbàgbọ́ rẹ ò tó" dì mú, wọn kò sì fi irọ́ dì í. Ènìyàn ní ipa tirẹ̀ nínú rẹ̀. Róòmù 10:17 ní gbígbọ́ ni ìgbàgbọ́ ti ń wá, tó túmọ̀ sí pé ẹ̀bùn náà ní ọ̀nà tó ń gbà dé: ẹnì kan ní láti sọ̀rọ̀, ẹnì kan ní láti tẹ́tí.

Ibi tó ti ń dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ ni pé oríṣi ìgbàgbọ́ tí Májẹ̀mú Tuntun ń sọ kì í ṣe ẹyọ kan. Èyí tí a fi ń rí ìgbàlà wà, gbogbo Krìstẹ́nì ló sì ní in; láìní in, onítọ̀hún kì í ṣe Krìstẹ́nì. Òmíràn wà nínú 1 Kọ́ríńtì 12:9, tí Pọ́ọ̀lù kà mọ́ àwọn ẹ̀bùn Ẹ̀mí bí ìmúláradá àti àsọtẹ́lẹ̀, tó sì sọ gbangba pé àwọn kan la fi fún, kì í ṣe gbogbo ènìyàn. Irú èyí ni ìgbàgbọ́ tó ń ṣí òkè nídìí. Tí pásítọ̀ bá mú èkejì tó fi ń dán ìyá arúgbó kan wò bóyá ó ní àkọ́kọ́, ó ti gba ohun tí wọn ò fi rán ìyá náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi èyí tó ní pá a láyà.

Àwọn tó ti jà á ṣáájú wa

Áfíríkà ni ìjà náà ti gbóná lákọ̀ọ́kọ́, bí ẹ bá fẹ́ mọ̀. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Hippo ní ilẹ̀ tó di Àlùjíríà lónìí, gbà nígbà èwe rẹ̀ nínú iṣẹ́ àlùfáà pé àwa ni a ń mú ìgbàgbọ́ wá, Ọlọ́run á wá fi ìyókù kún un. Ìbéèrè kan láti ọwọ́ Pọ́ọ̀lù ló yí i lọ́kàn padà: kí ni o ní tí kì í ṣe pé ńṣe ni wọ́n fún ọ? Láti ìgbà yẹn títí ó fi kú ní 430, ó dúró lórí pé ìgbàgbọ́ gan-an wà lára ohun tí a fún wa. Pelagius ló ń bá a fà á, ẹni tó ní ènìyàn lágbára láti yan rere fúnra rẹ̀. Àpérò àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Carthage dá Pelagius lẹ́bi ní 418. Àpérò mìíràn ní Orange, ní ilẹ̀ Faransé òní, tún sọ ní 529 pé àní ìfẹ́ àtigbàgbọ́ tó kọ́kọ́ sọ lọ́kàn ènìyàn, Ọlọ́run ló fi síbẹ̀.

Nígbà tí Luther àti Calvin, àwọn aṣáájú Pùròtẹ́sítáǹtì, ya kúrò lára Róòmù, wọ́n jọ gbà lórí èyí; ohun mìíràn ni wọ́n ń jà lé. Ìjà tó bí àwọn ìjọ tó wà ládùúgbò wa wá lẹ́yìn náà. Àpérò tí àwọn ọmọlẹ́yìn Calvin ṣe ní Dort ní ilẹ̀ Netherlands, láti 1618 sí 1619, pinnu pé àwọn tí Ọlọ́run ti yàn ló ń fún ní ìgbàgbọ́. John Wesley, tó dá Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀, kò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tirẹ̀, oore-ọ̀fẹ́ kan wà tó ń ṣáájú, tí Ọlọ́run ti fún gbogbo ọmọ ènìyàn láìyọ ẹnì kan sílẹ̀, tó ń mú kí ọkàn wọn lè dáhùn bí ìpè bá dé. Ọkàn lè dáhùn, ó sì lè kọ̀.

Ìdí nìyẹn tí ọmọ Mẹ́tọ́díìsì láti Ṣágámù àti ọmọ Áńgílíkà láti Ìjẹ̀bú-Òde fi lè jókòó ṣe àríyá pa pọ̀ láìmọ̀ pé ìwé ìjọ wọn kò sọ ohun kan náà tán. Àpilẹ̀kọ kẹwàá nínú Àpilẹ̀kọ Mọ́kàndínlógójì ti Áńgílíkà sọ pé ènìyàn kò lè fi agbára ara rẹ̀ yí padà sí ìgbàgbọ́. Mẹ́tọ́díìsì, tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ dáadáa ní Rẹ́mọ, gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n á fi ti Wesley kún un pé oore-ọ̀fẹ́ tó ń ṣáájú ti kan gbogbo ilẹ̀kùn. Kátólíìkì ń kọ́ni pé ẹ̀bùn ni ìgbàgbọ́, pé ènìyàn sì ní láti fi òmìnira rẹ̀ gbà á. Lọ́dún 1999, ní Augsburg ní Jámánì, Kátólíìkì àti Lúténì jọ fọwọ́ sí ìwé kan pé oore-ọ̀fẹ́ nìkan, nínú ìgbàgbọ́, la fi ń rí ìdáláre; àwọn Mẹ́tọ́díìsì àgbáyé sì fọwọ́ sí i ní 2006. Ó kéré tán, lórí bébà, gbogbo ilé àgbà Krìstẹ́nì ti gbà pé a kì í fi iṣẹ́ ra ìgbàgbọ́.

Orí bébà ni mo wí o. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín agbo yàtọ̀. Ìjẹ̀bú mọ ẹ̀bùn òde ìnáwó dáadáa: ike, agboòrùn, àwo tí wọ́n tẹ orúkọ olóògbé sí. Ẹ̀bùn ni gbogbo ènìyàn ń pè é, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ra aṣọ ẹbí mọ̀ pé kó má tiẹ̀ na ọwọ́. Bí wọ́n ṣe ń pín ìgbàgbọ́ ní àwọn agbo àdúrà kan nìyẹn. Wọ́n á ní ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ gbọọrọ, irúgbìn inú àpòòwé àti àìgbọdọ̀ lo oògùn ni aṣọ ẹbí rẹ̀.

Ìjẹ̀bú-Òde, 1918

Kí ó tó di 1892, Ìjẹ̀bú ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ àwọn ajíhìnrere gbọnin. Ogun Ìmàgbọn, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá wọn jà lọ́dún náà, ló ṣí i. Ohun tó tẹ̀ lé e ya àwọn òpìtàn lẹ́nu: láàárín ọdún díẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ti gba ìlú kan. Bóyá ẹ̀yìn ìbọn ni ẹ̀bùn Ọlọ́run máa ń gbà wọlé jẹ́ ìbéèrè tí àwọn bàbá wa kò fi bẹ́ẹ̀ dúró bi ara wọn. Wọ́n gbọ́, wọ́n gbà, wọ́n kọ́ ilé-ìwé.

Ní 1918, àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn tó ń pa gbogbo ayé dé Èkó nínú oṣù Kẹsàn-án, kò sì pẹ́ tó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Ní Ṣọ́ọ̀ṣì St Saviour's ti Áńgílíkà ní Ìjẹ̀bú-Òde, Joseph Shadare àti àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ ìpàdé àdúrà. Sophia Odunlami, ọ̀dọ́bìnrin olùkọ́ kan ní Ìsónyìn, dara pọ̀ mọ́ wọn. Ó ní Ẹ̀mí bá òun sọ̀rọ̀ pé àdúrà àti omi òjò ni kí àwọn ènìyàn fi wo àrùn náà. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni wọ́n pe ara wọn. Wọ́n gbàdúrà, àwọn ènìyàn sì jẹ́rìí pé ara àwọn yá. Ẹgbẹ́ náà wá kọ oògùn sílẹ̀ pátápátá, àti àgbo àti ti òyìnbó. Wọ́n tún ní kí a má ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọwọ́ mọ́. Àwọn aṣáájú Áńgílíkà kò lè gba ìyẹn mọ́ra. Ní 1922, wọ́n jáde kúrò nínú Áńgílíkà, wọ́n sì so ara wọn mọ́ Faith Tabernacle, ìjọ kan ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà, tí ìwé ìròyìn rẹ̀ ti ń dé ọwọ́ wọn.

Ó yẹ kí a ṣe ìdájọ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí bó ṣe yẹ. Ní 1918 kò sí dókítà kankan ní ayé tó ní oògùn ọ̀fìnkìn yẹn. Ẹni tó bá ní Ọlọ́run nìkan lòun gbẹ́kẹ̀ lé nígbà náà, kò sí ìwòsàn kan tó fi sílẹ̀. Bí mo bá wà níbẹ̀, n kò mọ ohun mìíràn tí mi ò bá ṣe. Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tí wọ́n gbé òfin tí wọ́n ṣe nígbà tí oògùn kò sí lọ sí ibi tí oògùn wà. Kuiníìnì ti wà fún ibà, àwọn kan sì ń kọ̀ ọ́ bákan náà.

Kuiníìnì yẹn gan-an ló sì tún fa wàhálà kejì. Ẹgbẹ́ tó jáde láti Ìjẹ̀bú-Òde ti tàn dé Èkó, Ìbàdàn àti Iléṣà, níbi tí ìsọjí ńlá Joseph Babalola ti bẹ́ sílẹ̀ ní 1930. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn míṣọ́nnárì Apostolic Church dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti bá wọn ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ tí àwọn ará ibí fi rí i pé àwọn òyìnbó ń lo kuiníìnì kí ibà má baà pa wọ́n. Lójú àwọn tó ti fi oògùn sílẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, ìyẹn ni àìgbàgbọ́. Nígbà tí ìpínyà parí, apá kan jẹ́ Apostolic Church, apá kejì di Christ Apostolic Church, tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní 1943. Ọ̀pọ̀ ọmọ CAC tó ń lọ ilé ìwòsàn lónìí láìsí ìbẹ̀rù ni kò mọ̀ pé oògùn ibà wà lára ohun tó bí ìjọ wọn.

Ohun tí mo rí nínú ìtàn yìí ni bí ẹ̀bùn ṣe ń di iṣẹ́ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni fura. Àwọn ará Òkúta Iyebíye kò sọ pé ìgbàgbọ́ jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Wọ́n gbà pé Ọlọ́run ló fún wọn. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ kì í ṣe ohun tí ojú ń rí, ìjọ sì fẹ́ mọ ẹni tó ní in. Wọ́n wá wá àmì: ẹni tí kò lo oògùn ni onígbàgbọ́. Láti ọjọ́ tí àmì bá ti wà, ènìyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ kí àmì náà lè hàn lára rẹ̀, ẹni tó bá sì hàn lára rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹlòmíràn láti òkè wá sílẹ̀. Ṣògo tí Pọ́ọ̀lù ní kò gbọdọ̀ sí nínú Éfésù 2:9 ti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Òṣùwọ̀n tuntun

Àmì tòní kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ oògùn mọ́. Láti nǹkan bí ọdún 1970 sókè ni ìwé àti kásẹ́ẹ̀tì àwọn oníwàásù Amẹ́ríkà bíi Kenneth Hagin ti ń wọ àwọn ọgbà yunifásítì wa. Ẹ̀kọ́ wọn ni pé ìgbàgbọ́ ní òfin tó ń tẹ̀ lé, àti pé ohun tí ènìyàn bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ni yóò rí. Ẹ̀kọ́ yìí rí ilẹ̀ ọlọ́ràá gbìn sí láàárín Yorùbá, torí pé àwa náà ti gbà látayébáyé pé ọ̀rọ̀ ní àṣẹ nínú. Èyí ló fà á tí ẹ fi ń rí aláìsàn tí kò fẹ́ fi ẹnu pe orúkọ àìsàn rẹ̀. Ẹ bi í pé báwo lara, á ní òun lágbára. Ẹ ní kó jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, á ní kì í ṣe ìpín òun. Ìtọ̀ ṣúgà kò mọ ìpín. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lo oògùn rẹ̀, ẹni tó bá sì pa á tì torí pé ó fẹ́ fi ìgbàgbọ́ hàn, ojú, kíndìnrín àti ẹsẹ̀ ló fi ń dúró dè é.

Kò yẹ kí n da gbogbo ìjọ pọ̀. Àwọn Adventist, tó ń pe àdúrà ìwòsàn ní ohun tó bá Ìwé Mímọ́ mu, ni wọ́n ní ilé ìwòsàn ńlá tó so mọ́ Babcock University ní Ìlíṣàn. Kátólíìkì àti Áńgílíkà ti ń kọ́ ilé ìtọ́jú láti ọjọ́ àwọn míṣọ́nnárì. Àwọn pásítọ̀ Pẹ́ńtíkọ́sì pọ̀ tí wọ́n ń rán ọmọ ìjọ lọ sí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti OOU ní Ṣágámù kí wọ́n tó gbé òróró. Ìjà mi kì í ṣe pẹ̀lú àdúrà. Ẹni tó ń gbàdúrà fún ìwòsàn ń ṣe ohun tí Krìstẹ́nì ti ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìjà mi wà pẹ̀lú ohun tí wọ́n ń sọ fún aláìsàn lẹ́yìn tí àdúrà kò gbà bí wọ́n ṣe fẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn aláìsàn inú Májẹ̀mú Tuntun tí ara wọn kò yá kíákíá. Pọ́ọ̀lù fi Trófímù sílẹ̀ ní Mílétù pẹ̀lú àìsàn lára (2 Tímótì 4:20), kò sì sọ pé ìgbàgbọ́ Trófímù ló ń ṣe é. Ó ní kí Tímótì máa lo wáìnì díẹ̀ nítorí inú rẹ̀ tó máa ń dà á láàmú. Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ bẹ Olúwa lẹ́ẹ̀mẹta nítorí ẹ̀gún tó wà nínú ara rẹ̀, ìdáhùn tó gbà ni pé oore-ọ̀fẹ́ tó fún un. Lúùkù oníṣègùn sì wà lára àwọn tó bá a rìn. Nínú gbogbo lẹ́tà tí Pọ́ọ̀lù kọ, kò sí ibì kan tó ti kọ̀wé sí aláìsàn pé, "Ìgbàgbọ́ rẹ ò tó." Ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí kọ́ni gbọ́dọ̀ wá olùkọ́ mìíràn.

Bàbá kan wà nínú Máàkù 9 tí wọ́n gbé ọmọ rẹ̀ tó ní wárápá lọ bá Jésù. Ó kígbe pé òun gbàgbọ́, kí ó ran àìgbàgbọ́ òun lọ́wọ́. Ọkùnrin yìí gan-an ló ye ẹ̀kọ́ ẹ̀bùn yìí jù. Kò díbọ́n pé òun ní ìgbàgbọ́ tó pọ̀, kò sì kọ́kọ́ lọ wá a kún kó tó padà wá. Ó béèrè ìgbàgbọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń fún ni, ní ẹ̀ẹ̀kan náà tó ń béèrè ìwòsàn. Ọmọ rẹ̀ sì yá.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tí kò gbà

Ibi tí ẹ̀kọ́ yìí ti ń nira jù lọ kò sí lọ́dọ̀ aláìsàn. Ó wà lọ́dọ̀ ẹni tó gbọ́ tí kò gbà. Rẹ́mọ ní àpẹẹrẹ tí gbogbo ayé mọ̀. Tai Solarin, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, kọ́ ẹ̀kọ́ ní Wesley College ní Ìbàdàn, tó túmọ̀ sí pé kò sí ìwàásù tó kù tí kò tíì gbọ́. Ó fi ipò ọ̀gá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Molusi College ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ó dá Mayflower School sílẹ̀ nílùú rẹ̀ ní 1956, ó sì sọ ní gbangba títí ó fi kú ní 1994 pé òun kò gba Ọlọ́run gbọ́. Síbẹ̀ àwọn òbí onígbàgbọ́ ń du ibi ọmọ sí ilé-ìwé rẹ̀. Àwọn ìyá tó ń gbàdúrà kí Ọlọ́run yí i lọ́kàn padà náà ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gba ọmọ àwọn.

Bí ìgbàgbọ́ bá jẹ́ ẹ̀bùn, ṣé Ọlọ́run kò fún Solarin ni? Àwọn tó ń tẹ̀ lé Dort kò ní sá fún un: Ọlọ́run ló ń yàn, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Àwọn ọmọ Wesley á ní wọ́n fún un, òun ló dá a padà. Kátólíìkì á sún mọ́ ti Wesley, á sì fi kún un pé Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tó wà nínú ọkàn ọkùnrin tó ṣe rere fún ọmọ tálákà tó bẹ́ẹ̀. Mo ti gbọ́ ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́nu àwọn ènìyàn Rẹ́mọ, nígbà mìíràn lẹ́nu ẹnì kan ṣoṣo láàárín ìrọ̀lẹ́ kan. Tèmi ni pé ti Wesley ló bá Jésù tó sunkún lórí Jerúsálẹ́mù mu jù. Ẹni tó fi ẹ̀bùn pamọ́ kì í sunkún pé wọn ò gbà á. Ṣùgbọ́n n kò ní sọ pé ó yanjú gbogbo rẹ̀. Ọmọ méjì lè ti ọ̀dọ̀ ìyá kan náà gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà, kí ọ̀kan gbà, kí èkejì má gbà, kí a má sì mọ ìdí.

Àwọn ará wa Mùsùlùmí, tó kún ilé wa dọ́gba-n-dọ́gba, ò ṣàì mọ ìṣòro yìí. Súrà 28 ẹsẹ 56 sọ fún Ànọ́bì pé kì í ṣe ẹni tó bá fẹ́ràn ló lè fi mọ̀nà, Ọlọ́run ló ń fi ẹni tó bá fẹ́ mọ̀nà. Bóyá ìdí nìyí tí ìjà ẹ̀sìn fi ń tètè rọlẹ̀ nínú ẹbí Ìjẹ̀bú: ìyá ìjọ àti àlùfáà Mùsùlùmí tó jẹ́ ọmọ ìyá kan náà ti gbà, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìwé tirẹ̀, pé kì í ṣe àwọn ló ń yí ọkàn padà.

Tí wọ́n bá tún gbàdúrà fún ẹnì kan

Ìlànà kan wà tí Májẹ̀mú Tuntun fi sílẹ̀ fún ìjọ lórí aláìsàn, Jákọ́bù 5:14 àti 15 ni. Gbogbo agbo àdúrà láti Ìpẹ́rú dé Ìjẹ̀bú-Igbó ló mọ̀ ọ́n lórí, torí òun ni wọ́n fi ń ta òróró. Ó ní kí ẹni tó ń ṣàìsàn pe àwọn alàgbà ìjọ, kí wọ́n gbàdúrà lé e lórí, kí wọ́n fi òróró kùn ún lórúkọ Olúwa, àdúrà ìgbàgbọ́ yóò sì gba aláìsàn là. Ẹ tún un kà dáadáa. Àwọn alàgbà ló ń gbàdúrà. Ìgbàgbọ́ tó wà nínú ẹsẹ yẹn, tiwọn ni. Ó rí bẹ́ẹ̀ náà nínú Máàkù 2, nígbà tí ọkùnrin mẹ́rin dá òrùlé lu láti sọ ọ̀rẹ́ wọn arọ kalẹ̀ síwájú Jésù: ìgbàgbọ́ *wọn* ni Máàkù ní Jésù rí, arọ kò tíì la ẹnu sọ ohunkóhun.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni Jákọ́bù fún ẹni tó wà lórí ẹní: kó ránṣẹ́ pè wọ́n. Bí wọ́n bá dé, tí wọ́n gbàdúrà, tí òróró gbẹ tí ara ò sì yá, tí ẹnì kan nínú wọn bá wá fẹ́ wọn ìgbàgbọ́ wò bóyá ó tó, ara àwọn alàgbà ni kó ti bẹ̀rẹ̀.